Ìlànà Àtilẹ̀wá ti Ọ̀gá Mo-Ti-Wí

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, àwọn ènìyàn kan wà láyé tí wọ́n gbàgbọ́ pé ilẹ̀ kò lè mọ́ àfi bí àwọn bá kọ́kọ́ wúkọ́. Bí a bá ní kí a kà wọ́n, iṣẹ́ ọdún kan gbáko ni. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo mú wá fún yín lónìí, nítorí pé òun nìkan tó mẹ́wàá ní ti ariwo, ìtàn rẹ̀ sì kúrú ju àwọn oyè rẹ̀ lọ.

Ilé Iṣẹ́ Àkọsílẹ̀ ni ọkùnrin yìí ń darí. Níbẹ̀ ni a ti ń kọ ọmọ tí a bí sílẹ̀, àti ilé tí a kọ́, àti ọkọ̀ tí a rà. Ó ní ẹ̀ka mọ́kànlélógún káàkiri ìlú, ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan sì ní sáfà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ìyẹn ni àwọn kọ̀ǹpútà ńlá tí kì í sùn, tí wọ́n ń gba ohun gbogbo tí òṣìṣẹ́ bá tẹ̀, tí wọ́n ń tọ́jú rẹ̀, tí wọ́n sì ń fi í ránṣẹ́ síbi tó yẹ. Àpapọ̀ wọn jẹ́ mẹ́rìnlélọ́gọ́ta.

Orúkọ tí àwọn òbí sọ ọ̀gá náà wà lára ilẹ̀kùn rẹ̀, pẹ̀lú oyè méje níwájú àti mẹ́rin lẹ́yìn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí í pè é bẹ́ẹ̀ bí ó bá ti yí ẹ̀yìn padà. Ọ̀gá Mo-Ti-Wí ni wọ́n ń pè é, nítorí pé gbólóhùn yẹn ni ó fi ń ti ilẹ̀kùn ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí ó bá ní kí wọ́n ṣí fèrèsé, a ní, "Mo ti wí." Bí ó bá ní kí wọ́n tì í padà, a tún ní, "Mo ti wí." Bí bàtà rẹ̀ bá dún lórí àtẹ̀gùn, gbogbo òṣìṣẹ́ ní láti dìde, ẹni tí ó ń mu omi lọ́wọ́ a gbé e mì pẹ̀lú ẹ̀mí rẹ̀. Nínú ìpàdé, olúkúlùkù gbọ́dọ̀ ka àwọn oyè mọ́kọ̀ọ̀kànlá tán kí ó tó sọ ohun tí ó fẹ́ sọ, èyí tí ó mú kí púpọ̀ nínú wọn gbàgbé ohun náà.

Akọ̀wé rẹ̀, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà, ni ó ń kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé. Mo ti fi ojú ara mi rí ojú ewé kan nínú rẹ̀: "Ọ̀gá wúkọ́. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá ní kí wọ́n má pàtẹ́wọ́. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́ nítorí ìrẹ̀lẹ̀ rẹ̀."

Ṣùgbọ́n òkúta kékeré kan wà nínú bàtà ọlá yìí. Adelé ni ọkùnrin náà. Ọ̀gá tí ó wà lórí àga tẹ́lẹ̀ ti fẹ̀yìntì láti oṣù mẹ́rìnlá, ìgbìmọ̀ ìlú sì kọ̀wé pé kí eléyìí máa bá àwọn di àga mú "títí tí a ó fi rí ènìyàn gidi". Ènìyàn gidi ni wọ́n kọ, òǹkàwé mi. N kò fi kún un. Ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé orí páálí ni orúkọ rẹ̀ wà lára ilẹ̀kùn, tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ ọn, nítorí pé a kì í fi ọ̀dà kọ orúkọ adelé. Wàyí o, ìgbìmọ̀ ti ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kẹta láti wo iṣẹ́ rẹ̀. Bí ó bá tẹ́ wọn lọ́rùn, àga di tirẹ̀. Bí kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, yóò padà sí ẹ̀ka ọkọ̀ tí ó ti wá, sínú yàrá tí ènìyàn mẹ́rin ti ń pín tábìlì mẹ́ta.

Ní àkókò yìí gan-an ni Ìyá Wáyà gòkè wá.

Ìyá Wáyà ni obìnrin tí ó ń tọ́jú àwọn sáfà láti ọdún mọ́kànlá. Ìsàlẹ̀ ilé ni yàrá rẹ̀ wà, níbi tí fáànù ti ń kùn láti àárọ̀ dalẹ́, tí òtútù sì mú kí ó máa wọ súwẹ́tà nínú ooru. Ó ti rí irinṣẹ́ tuntun kan, ètò orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n sọ ní Ìránṣẹ́. Tẹ́lẹ̀, bí a bá fẹ́ yí nǹkan kékeré kan padà lórí àwọn sáfà, Ìyá Wáyà ni yóò wọkọ̀ lọ sí ẹ̀ka mọ́kànlélógún. Ìránṣẹ́ yóò jẹ́ iṣẹ́ náà láàárín ìṣẹ́jú kan. Ohun kan ṣoṣo ni ó kù: a ní láti kọ ìlànà àtilẹ̀wá fún un, ìyẹn ni ohun tí yóò máa ṣe níbi tí ẹnikẹ́ni kò bá ti sọ ohun tí ó yẹ kí ó ṣe.

"Ẹ káàárọ̀, sà," ni Ìyá Wáyà wí. "Ìwé kékeré kan ni mo ní kí ẹ bá mi fọwọ́ sí."

"Jókòó. Rárá, dìde. Kí ni ìwé náà ń wí?"

"Ìlà mẹ́rin péré ni, sà. Èkíní, bí ẹni tó rán Ìránṣẹ́ níṣẹ́ bá gbàgbé láti sọ sáfà tó ń rán an sí, kó má lọ síbì kankan. Èkejì, kó máa lọ ní méjì-méjì, kí nǹkan tó bá fẹ́ bàjẹ́ lè bàjẹ́ díẹ̀ ká tó rí i. Ẹ̀kẹta, kó tó ṣe ohunkóhun, kó kọ́kọ́ béèrè pé, 'Ṣé ó dá yín lójú?' Ẹ̀kẹrin, bí ẹnì kan bá kọ lẹ́tà tí kò forúkọ sí i, kó kọ 'Òṣìṣẹ́ kan' sísàlẹ̀ rẹ̀."

"Òṣìṣẹ́ kan," ni Ọ̀gá tún wí, bí ẹni tí wọ́n gbé ife àìfọ̀ fún. "Ọ̀rọ̀ ta ni ìlà mẹ́rin yìí?"

"Ọ̀rọ̀ yín ni, sà. Ẹ̀yin lẹ máa fọwọ́ sí i."

"Ó dára bẹ́ẹ̀. Ta ni ó lè yí i padà?"

Ẹnikẹ́ni tí ó bá gbọ́n ì bá ti rí àìsàn kan tì sórí ara rẹ̀ ní àkókò yìí kí ó sì sá jáde. Òtítọ́ ni Ìyá Wáyà sọ.

"Gbogbo èèyàn ni, sà. Bí olórí ẹ̀ka bá kọ tiẹ̀, tiẹ̀ borí tiyín. Bí ẹni tó ń tọ́jú sáfà kan bá kọ tiẹ̀, ó borí ti olórí ẹ̀ka. Ẹni tó wá jókòó sídìí ẹ̀rọ, tó ń tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ náà, tiẹ̀ ló ga jù. Ẹni tó bá sún mọ́ iṣẹ́ jù ló mọ ohun tó ń ṣe é, sà."

"Èmi ńkọ́?"

"Ẹ̀yin lẹ jìnnà jù, sà."

Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà, tí ó ń kọ̀wé ní kọ̀rọ̀, dá gègé rẹ̀ dúró. Ó wo ojú ọ̀gá rẹ̀ láti mọ irú ìrora tí ó yẹ kí òun náà fi hàn.

"Ìyẹn ni pé," ni Ọ̀gá wí pẹ̀lẹ́, "nínú ilé iṣẹ́ tí mo jẹ́ olórí rẹ̀, ọ̀rọ̀ mi ni ó kéré jù."

"Kò kéré, sà. Ìsàlẹ̀ ló wà. Ìpìlẹ̀ ilé náà, ìsàlẹ̀ ló máa ń wà."

"O ti rí ọ̀gá tí ń gbé inú ìpìlẹ̀ rí?"

"Èmi ni mò ń gbé ibẹ̀, sà."

Ọ̀gá kò fọwọ́ sí ìwé náà. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan náà ni ó dá Ìgbìmọ̀ Àgbà fún Àtúntò Ìlànà Àtilẹ̀wá sílẹ̀, pẹ̀lú ènìyàn méje tí kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tí ó ti rí sáfà rí. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n fi jókòó. Méjì àkọ́kọ́ lọ sí bí àga yóò ti tò. Ní ọjọ́ kẹta wọ́n dé orí ìbéèrè náà, "Ṣé ó dá yín lójú?" Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà sì dìde, ó ka oyè mọ́kọ̀ọ̀kànlá tán, ó ní:

"Ẹ̀yin àgbà, ẹ bá mi dá sí i. Ẹ̀rọ tí a fi iná mọ̀nàmọ́ná bọ́, tí a fi aṣọ nu ojú fún, ta ni ó fún un lẹ́nu láti bi Ọ̀gá wa pé ṣé ó dá wọn lójú? Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ wọ́n, kò sí ohun tí kò dá wọn lójú rí."

Òtítọ́ pọ́ńbélé ni, òǹkàwé mi. Wọ́n yọ ìbéèrè náà kúrò.

Ní ti méjì-méjì, Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ni ó sọ̀rọ̀. "Bí mo bá wọlé," ni ó wí, "ṣé méjì-méjì ni ẹ ń dìde?" Wọ́n ní rárá. "Nígbà náà, kí gbogbo wọn dìde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo ti wí." Ní ti ibi tí Ìránṣẹ́ yóò lọ bí ẹnikẹ́ni kò bá dárúkọ ibì kan, wọ́n kọ "ibi gbogbo". Ní ti orúkọ, ṣé ẹ̀yin náà nílò kí n sọ ọ́? Wọ́n pa "Òṣìṣẹ́ kan" rẹ́, wọ́n sì kọ orúkọ Ọ̀gá rọ́pò rẹ̀, pẹ̀lú oyè méje níwájú àti mẹ́rin lẹ́yìn. Wọ́n wá fi ìlà tuntun kan kún un: lẹ́tà tí ó bá ní orúkọ Ọ̀gá nísàlẹ̀ kò gbọdọ̀ dúró lórí tábìlì ẹnikẹ́ni, a ti fọwọ́ sí i láti orísun, ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ ìlú ni kí ó lọ tààrà, kí wọ́n lè máa rí bí ọ̀gá ti ń ṣiṣẹ́ tó.

Ibi tí ìlànà náà yóò wà ni ó kù. Wọ́n ránṣẹ́ pe Ìyá Wáyà.

"Ibì kan wà lókè pátápátá nínú Ìránṣẹ́, sà," ni obìnrin náà jẹ́wọ́. "Ohun tí a bá kọ síbẹ̀, kò sẹ́ni tó lè borí ẹ̀. Ọjọ́ tí iná bá ń jó ilé la fi í pamọ́ fún."

"Ibẹ̀ ni kí o kọ gbogbo rẹ̀ sí."

"Sà, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Gbogbo òṣìṣẹ́ ló ní orúkọ tiẹ̀ lórí ẹ̀rọ tiẹ̀. Tí tiyín bá wà nísàlẹ̀, tiwọn á dúró. Tó bá wà lókè, ó pa tiwọn rẹ́ nìyẹn. Tó bá sì ti bẹ̀rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò lè dá a dúró. Ẹ̀yin gan-an ò lè dá a dúró."

"Kí ni yóò mú mi fẹ́ dá ara mi dúró?"

"Mi ò mọ̀, sà. Ó máa ń wu èèyàn nígbà mìíràn."

Wọ́n ní kí ó máa lọ. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó yípo, ó ní òun yóò ṣe é, ṣùgbọ́n kí Ọ̀gá fọwọ́ sí ìwé tí ó sọ pé òun ni ó pàṣẹ rẹ̀. Inú Ọ̀gá dùn sí èyí ju ohun gbogbo lọ. Ó tẹ gègé mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìbuwọ́lùwé rẹ̀ fi yọ sí ìwé mẹ́ta tí ó wà lábẹ́ rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, ó dúró níwájú dígí kọ́bọ́ọ̀dù nílé, ó ń fi ọ̀rọ̀ tí yóò sọ lọ́la dánra wò. Ìyàwó rẹ̀, olùkọ́ ìṣirò, ń máàkì ìwé àwọn ọmọ iléèwé lórí ibùsùn.

"Bàbá wọn," ni ó wí láìgbé ojú sókè, "ta lẹ ń bá jà nínú dígí yẹn?"

"Ọ̀rọ̀ ìkíni káàbọ̀ ni."

"Mo ti máàkì ìwé mẹ́rìnlá, ẹ ò tíì kí wọn káàbọ̀ tán."

Ọ̀gá kúrò níwájú dígí. Lẹ́yìn náà ni ó sọ ohun kan tí kò sí nínú ọ̀rọ̀ ìkíni náà. "Oṣù mẹ́rìnlá, Ìyá wọn. Ní ojoojúmọ́ ni mò ń fi àtàńpàkò tẹ etí páálí ara ilẹ̀kùn yẹn mọ́lẹ̀, nítorí pé ó ti ń ṣí."

Ìyàwó rẹ̀ gbé gègé sílẹ̀, ó sì wò ó. "Ẹ wá jókòó," ni ó wí. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá ti padà sí iwájú dígí.

Ọjọ́bọ̀ mọ́. Àwọn ará ìgbìmọ̀ ìlú jẹ́ márùn-ún, alága wọn sì jẹ́ obìnrin àgbàlagbà kan tí ó ti ṣe adájọ́ fún ọgbọ̀n ọdún, ẹni tí ohùn rẹ̀ kì í ga, tí ìgò ojú rẹ̀ kì í sì í kúrò ní ṣóńṣó imú. Wọ́n jókòó sí yàrá ìpàdé. Kọ̀ǹpútà kan wà níwájú Ọ̀gá, òmíràn wà níwájú Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà fún àkọsílẹ̀ ìpàdé, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ìgbìmọ̀ ìlú sì wà ní igun yàrá, nítorí Ọ̀gá ti ní kí wọ́n gbé e wá kí wọ́n lè rí iyì rẹ̀ lójúkojú.

"Ẹ̀yin ọlọ́lá jù lọ," ni Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀, "bí odò bá ń ṣàn, orísun rẹ̀ ni a ń kí. Bí igi bá ń so, gbòǹgbò rẹ̀ ni a ń bọlá fún. Ilé iṣẹ́ yìí ti ń ṣàn, ó sì ti ń so, ṣùgbọ́n títí di òní ẹnikẹ́ni kò mọ ẹni tí í ṣe orísun, ẹnikẹ́ni kò sì mọ ẹni tí í ṣe gbòǹgbò. Lónìí, ẹ ó mọ̀ ọ́n."

Ogójì ìṣẹ́jú ni ó fi ṣàn. Nígbà tí aago mẹ́wàá lù, ó gbé ìka ìfábẹ̀lá sókè kí gbogbo ènìyàn lè rí i, ó sì tẹ bọ́tìnnì kan. Ìránṣẹ́ kò bi í léèrè ohunkóhun. Kò lọ ní méjì-méjì. Sáfà mẹ́rìnlélọ́gọ́ta gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láàárín àkókò tí ènìyàn fi ń ṣẹ́jú.

Láìpẹ́, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kùn, ó sì bí lẹ́tà kan. Alága kà á. Láti ẹ̀ka ọmọ tuntun ni: "Láti àárọ̀ yìí mo ti kọ ọmọ mọ́kàndínlógún sílẹ̀, n kò sì ṣi orúkọ ẹyọ kan kọ." Orúkọ Ọ̀gá ni ó wà nísàlẹ̀, gígùn bí okùn ìsáṣọ.

"Iṣẹ́ dáadáa nìyí," ni alága wí. "Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́, sà?"

Ẹ wòye, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu níbí. Ì bá ti sọ pé, "Rárá, mà, òṣìṣẹ́ kan ni." Ọ̀rọ̀ márùn-ún péré ni. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà na àyà rẹ̀.

"Èmi ni, mà. Ohunkóhun tí ó bá ti ní orúkọ mi nísàlẹ̀, ọ̀rọ̀ mi ni. Mo ti wí."

Alága kọ èyí sínú ìwé kékeré rẹ̀, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn adájọ́ ti máa ń ṣe.

Lẹ́tà kejì jáde. "'Mo fẹ́ kí ilé iṣẹ́ ra táyà méjì fún ọkọ̀ mi,'" ni alága kà. "'Àwọn ti iwájú ti pá bí orí ọ̀gá wa.'" Ó wo ìsàlẹ̀ ìwé, ó sì wo orí tí ó wà níwájú rẹ̀. "Ọ̀gá yín wo nìyẹn, sà?"

"Àṣìṣe kékeré ni, mà. Dírẹ́bà kan ni."

"Orúkọ yín ló wà ńbẹ̀."

Ẹ̀kẹta jáde kí ó tó fèsì. Ẹ̀ka ilé ni ó ti wá, ó sì ń bẹ onílé kan: "Ẹ má bínú, èmi ni mo da tíì sórí ìwé ilé yín, tí mo sá a sójú fèrèsé, tí afẹ́fẹ́ fi gbé e lọ." Ẹ̀kẹrin ni ó jẹ́ kí ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ láìní ikọ́. "'Olólùfẹ́ mi,'" ni alága kà, ohùn rẹ̀ kò yí padà, "'ìwọ ọkùnrin gíga ẹ̀ka ọkọ̀, gbogbo fọ́ọ̀mù tí mo bá ń kún, ojú rẹ ni mò ń rí lórí rẹ̀. Dúró dè mí lábẹ́ àtẹ̀gùn ní aago méjì.'"

Wọ́n ní ọkùnrin gíga náà ti rí ẹ̀dà tirẹ̀ gbà, ó sì ti rí orúkọ tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, nítorí pé lẹ́tà karùn-ún wá láti ọwọ́ rẹ̀. Ó ń bẹ̀bẹ̀ fún ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nítorí pé Ọ̀gá ń dẹnu ìfẹ́ kọ òun. Orúkọ Ọ̀gá ni ó wà lábẹ́ èyí pẹ̀lú, tí ó fi jẹ́ pé Ọ̀gá ń bẹ ìgbìmọ̀ kí wọ́n gba Ọ̀gá lọ́wọ́ Ọ̀gá.

Ẹ̀kẹfà kúrú. "'Aago mẹ́wàá ku ogún. Ó ṣì ń sọ̀rọ̀. Ó ti dé orí gbòǹgbò. Ebi ń pa mí, orí ń fọ́ mi, mo sì gbọ́dọ̀ máa rẹ́rìn-ín.'" Alága gbé ojú sókè. "Orí ń fọ́ yín, sà?"

Gbogbo ojú yí sí Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà, tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí kọ̀ǹpútà àkọsílẹ̀ ìpàdé. Ojú rẹ̀ ti funfun bí ìwé tí ń jáde.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni ó wí, kò sì sí ẹni tí ó mọ ẹni tí ó ń dá lóhùn.

Ọ̀gá dojú kọ kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ pé kí Ìránṣẹ́ dúró. Ìránṣẹ́ fèsì pé òun ti gba ọ̀rọ̀ kan láti òkè pátápátá, òun kò sì lè gba òmíràn láti ìsàlẹ̀. Ó tún un tẹ̀ pẹ̀lú oyè méje. Èsì kan náà ni. Wọ́n sáré pe Ìyá Wáyà, ó sì gòkè wá pẹ̀lú súwẹ́tà rẹ̀ lọ́rùn.

"Dá a dúró," ni Ọ̀gá wí. "Kíákíá. Mo ti wí."

"Kò gbọ́ tiyín mọ́, sà. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, ẹni tó wá tẹ ẹ̀rọ lásán lẹ jẹ́ lójú ẹ̀. Ẹni tó wà lókè ló ń gbọ́ràn sí lẹ́nu."

"Ta ni ó wà lókè?"

"Ẹ̀yin náà ni, sà."

"Bá mi bẹ̀ ẹ́, Ìyá Wáyà." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ó fi orúkọ pè é.

Ohùn Ìyá Wáyà rọ̀. "Sà, ọwọ́ la máa fi tú u, ní sáfà kọ̀ọ̀kan. Màá wọkọ̀ lọ sí ẹ̀ka mọ́kànlélógún. Tó bá yá, ó di Ọjọ́ Ajé."

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kò lè dúró di Ọjọ́ Ajé. Ó tún kùn. Ìyá àgbà kan wà ní ẹ̀ka ilé, tí kò mọ ohunkóhun nípa gbogbo wàhálà yìí, tí ó ti fi oṣù méjì gbèrò lẹ́tà kan, tí ó sì yan òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ yìí láti tẹ̀ ẹ́. Alága tún ìgò ojú rẹ̀ ṣe. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan nínú ara rẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó kà á sókè.

"'Sí ìgbìmọ̀ ìlú. Mo ti ṣe ìwọ̀n tí agbára mi mọ. Ẹsẹ̀ ń dùn mí, àtẹ̀gùn sì ti pọ̀ jù fún mi. Mo fẹ́ fẹ̀yìntì lónìí, kí n lọ máa wo àwọn ọmọ-ọmọ mi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ẹlòmíràn sí orí àga mi. Mo dúpẹ́ fún sùúrù tí gbogbo yín ní pẹ̀lú mi.'"

Ọ̀gá fò dìde.

"Mà," ni Ọ̀gá wí, "ẹsẹ̀ kò dùn mí."

"Ìwé ni mò ń kà, sà."

"N kò tilẹ̀ tíì ní ọmọ-ọmọ."

"Ọlọ́run á pèsè." Alága ṣí ìwé kékeré rẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká gbà pé èmi ò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ̀ ọ́n. Mo béèrè lọ́wọ́ yín ní aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́fà. Ẹ ní ohunkóhun tó bá ti ní orúkọ yín nísàlẹ̀, ọ̀rọ̀ yín ni. Orúkọ yín rèé. Ìlànà tí ẹ fọwọ́ sí sọ pé lẹ́tà yín kì í dúró lórí tábìlì ẹnikẹ́ni. Ṣé ẹ ẹ̀ rí i pé kò dúró? Ó sọ pé a ti fọwọ́ sí i láti orísun. Àwa tí ẹ pè wá wò ó kàn ní láti dúpẹ́ lọ́wọ́ yín ni."

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bi mí léèrè, mà," ni Ọ̀gá wí. "Ẹ kàn bi mí bóyá ó dá mi lójú."

"Ìyẹn ni mo fẹ́ bi yín. Ẹ ti ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò."

Ìgbìmọ̀ náà gbé ọwọ́ sókè, ó pé márùn-ún. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún oṣù mẹ́rìnlá. Ìyá àgbà ẹ̀ka ilé tún lẹ́tà tirẹ̀ kọ pẹ̀lú gègé, wọ́n sì gbà fún un kí ó tó di ọ̀sán. Wọ́n fi àga náà lọ Ìyá Wáyà. Ó ní kí wọ́n jọ̀wọ́ òun, òun ní sáfà mẹ́rìnlélọ́gọ́ta láti fọwọ́ tú, ó sì wọ súwẹ́tà rẹ̀, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ọkùnrin tí a ti ń pè ní Ọ̀gá láti ìbẹ̀rẹ̀ fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ẹnu géètì, nítorí pé ti ilé iṣẹ́ ni ọkọ̀ tí ó máa ń gbé e. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ń ṣọ́ géètì kò tíì lo ju ọjọ́ mẹ́ta lọ lẹ́nu iṣẹ́, kò sì mọ̀ ọ́n lójú. Ọkọ̀ tí dígí rẹ̀ dúdú nìkan ni ó ti ń kí.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Ẹ dúró kí n fi yín sórí ẹ̀rọ. Orúkọ yín?"

Ó sọ ọ́. Kò fi oyè kankan sí i.

Aṣọ́géètì náà wo ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó họ orí. "Sà, ẹ ti jáde. Lórí ẹ̀rọ, ẹ ti jáde ní ìgbà mọ́kànlélógójì láti àárọ̀. Ẹni tó ti jáde ò lè tún jáde."

"Èmi rèé níwájú rẹ."

"Mo rí yín, sà. Ẹ̀rọ ni ò rí yín. Àfi tí mo bá kọ yín sílẹ̀ bí àlejò, ìyẹn á jẹ́ kí géètì ṣí." Ó tẹ nǹkan díẹ̀. "Ẹ má ṣèyọnu lórí orúkọ, ó ti kọ ọ́ fúnra ẹ̀. Ó kan ń béèrè ni pé ta lẹ wá rí."

Ọkùnrin náà yíjú padà, ó wo ilé alájà mẹ́rin náà, àti fèrèsé tí ó wà lókè pátápátá, tí ẹnì kan ti ṣí.

"Ọ̀gá," ni ó wí.

Aṣọ́géètì náà tẹ̀ ẹ́, ó sì dúró de èsì. Ó mi orí pẹ̀lú àánú.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, sà. Ẹ ò bá wọn nílé. Ó ní ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n, wọ́n ti fẹ̀yìntì."